Ọjọ́ Kẹta Lẹ́yìn Abẹ

  Ìtàn abẹ àti ẹwà ni mo mú wá, àti ìtàn ohun kan tí ojú lásán kò lè rí, tí ó máa ń dé lẹ́yìn tí a bá ti nu abẹ tán.

Kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún nílẹ̀ Yorùbá pé ènìyàn lè gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún abẹ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn olóòlà ti ń kọ àbàjà, pélé àti gọ̀mbọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Ilà a máa fi ìdílé ẹni hàn, ṣùgbọ́n ẹwà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, a sì máa ń yin ẹni tí ilà ojú rẹ̀ bá gún régé. Àṣà náà ti rọlẹ̀ báyìí, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003 sì kà á léèwọ̀ láti kọ ilà fún ọmọdé. Síbẹ̀, ohun kan wà tí àwọn ìyá wa àgbà mọ̀. Ọjọ́ tí olóòlà mú abẹ lọ́wọ́ kọ́ ni ọjọ́ tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ jù. Lọ́jọ́ náà, ọmọ á ké, ẹ̀jẹ̀ á dà, ẹlòmíràn á fi omi ìgbín tu ojú náà lára, ó tán. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin ni wọ́n máa ń gbé ọmọ síta ní kùtùkùtù kí wọ́n lè rí ojú rẹ̀ dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀. Bí ilà bá ń gbẹ, wọ́n á dúpẹ́. Bí ojú bá wú, tí ó pọ́n, tí ara ọmọ gbóná, tí ọyún sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọ̀ràn dé nìyẹn.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní òkè òkun bá ọjọ́ kẹta yìí wọ̀yá ìjà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ìjà náà ni mo fẹ́ sọ, pàápàá jù lọ bí àwọn tí ń tún ojú ènìyàn ṣe ti jà á.

Títún ojú ṣe kì í ṣe iṣẹ́ àná. Ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí wọ́n ti máa ń gé imú ẹlòmíràn láti fi jẹ ẹ́ níyà, àwọn kan mọ bí a ti ń yí awọ iwájú orí wálẹ̀ láti fi mọ imú tuntun. Ìwé ìròyìn kan ní London, Gentleman's Magazine, gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde pẹ̀lú àwòrán ní 1794, dókítà kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ Joseph Carpue sì dán an wò ní 1814. Ṣáájú wọn, ní ìlú Bologna ní Ítálì, Gaspare Tagliacozzi ti ń fi awọ apá ṣe imú. Yóò so apá aláìsàn mọ́ orí rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, títí awọ náà yóò fi lẹ̀ mọ́ imú, kí ó tó gé e kúrò lára apá. Ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1597. Ẹ wo ẹni tí yóò so apá mọ́ imú sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ẹni tí kò bá ní imú nìkan ni ó lè gbà bẹ́ẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó ń se abẹ nínú omi gbígbóná láyé ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ń fọ ọwọ́ nítorí kòkòrò. Báwo wá ni àwọn imú wọ̀nyí ti ṣe ń jinná nígbà mìíràn? Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lójú ènìyàn ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn lára lọ. Awọ ara wa dà bí odi ìlú. Àìmọye kòkòrò bakitéríà ni ó wà lẹ́yìn odi náà, lórí awọ, nínú imú, lábẹ́ èékánná, wọn kì í sìí ṣe wá ní nǹkan níwọ̀n ìgbà tí odi bá ṣì dúró. Abẹ ni ó ń lu odi náà. Bí wọ́n bá ti ráyè wọlé, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé àwọn ẹ̀ṣọ́ ara lọ pàdé wọn. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ṣàn dáadáa, ẹ̀ṣọ́ á tètè dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà bá a.

Ọyún kò ya àwọn dókítà àtijọ́ lẹ́nu. Wọ́n tilẹ̀ ní irú ọyún kan tí wọ́n kà sí rere, tí wọ́n rò pé ó ń fi hàn pé egbò fẹ́ san. Ẹni tí ó dá ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ ni Joseph Lister. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1865, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù gun ọmọkùnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan ní ìlú Glasgow ní Scotland. James Greenlees ni orúkọ ọmọ náà. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, awọ ibẹ̀ sì ya. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń gé e ni, nítorí pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, kíkẹ̀ ni yóò kẹ̀, ìbà yóò sì gba ẹ̀mí ọmọ. Lister ti ka ohun tí Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ nípa àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tí ń mú ọtí kan tí wọ́n sì ń mú ẹran rà. Ó rò ó pé àwọn náà ni yóò máa mú egbò kẹ̀. Ó rẹ aṣọ sínú kábọ́líìkì, irú èyí tí ọ̀pọ̀ àgbà mọ òórùn rẹ̀ lára ọṣẹ kábọ́líìkì, ó sì fi di ojú ọgbẹ́ náà.

Ọjọ́ kẹrin ni ó tú u wò. Kò sí ọyún níbẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, egungun ọmọ náà ti so pọ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Lister kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, The Lancet, ní 1867.

Wọn kò tíì mọ kòkòrò náà lójú nígbà yẹn. Ó tó nǹkan bí ọdún 15 lẹ́yìn náà kí Alexander Ogston ní ìlú Aberdeen tó fa ọyún jáde láti inú eéwo tí ó sì fi í sábẹ́ awò tí ń mú ohun kékeré tóbi. Ó rí àwọn nǹkan róbótó tí wọ́n so jọ bí ìdì èso àjàrà. Láti inú orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe ìdì àjàrà ni ó ti ṣa orúkọ fún wọn: staphylococcus. Kòkòrò yìí ń gbé inú imú ọ̀pọ̀ ènìyàn láìṣe wọ́n ní ibi kan. Bí ó bá rí oúnjẹ àti ooru tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú ìwé ìṣirò yín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan, kí ẹ wo iye tí yóò jẹ́ láàárín ọjọ́ kan péré. Ẹ ó rí i pé ìwé yóò tán kí ìṣirò tó tán. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ kẹta fi jẹ́ ọjọ́ ẹ̀rù: ìwọ̀nba tí ó wọlé lọ́jọ́ abẹ ti di ogun kí ọjọ́ náà tó pé.

Kí ọ̀rúndún náà tó parí, wọ́n ti ń se irinṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ti ń fi ooru omi pa kòkòrò inú aṣọ ìdigbò. Àwọn ènìyàn rò pé ìjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Lẹ́yìn náà ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914.

Ilẹ̀ oko ni ilẹ̀ Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n ti jà, ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ti ń da ìgbẹ́ ẹṣin àti ti màlúù sí láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn. Inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé, òun àti ìbátan rẹ̀ kan tí ń mú ẹran ara rà títí afẹ́fẹ́ burúkú yóò fi wú sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun wà nínú kòtò ní gbogbo ọjọ́. Bí wọ́n bá yọ orí síta, orí náà ni ìbọn ń bá. Ọ̀pọ̀ ni kò kú, ṣùgbọ́n àgbọ̀n wọn ti lọ, tàbí imú, tàbí ìdajì ojú, ẹrẹ̀ oko àti òwú aṣọ ìdọ̀tí sì ti wọ inú egbò náà lọ jìnnà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan á fa etí ọgbẹ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n á rán an bí ẹni rán aṣọ tí ó ya. Lójú wọn, iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rán ìdọ̀tí mọ́ inú. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ojú á wú, òwú á já, egbò á tún là, yóò sì gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Harold Gillies ni ó rí èyí tí kò sì lè gbé e kúrò lọ́kàn. Ìlú Dunedin ní New Zealand ni wọ́n ti bí i ní 1882, ó sì kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni í ṣe tẹ́lẹ̀. Ó dé ilẹ̀ Faransé ní 1915, ó wo iṣẹ́ Hippolyte Morestin ní Paris, ó sì padà wá bẹ àwọn aláṣẹ ogun pé kí wọ́n fún òun ní yàrá kan fún àwọn tí ojú wọn bàjẹ́. Wọ́n fún un ní Aldershot ní 1916. Ní oṣù keje ọdún náà ni ogun Somme bẹ̀rẹ̀. Ibùsùn 200 ni wọ́n pèsè. Nǹkan bí 2,000 ènìyàn ni wọ́n kó dé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣí ilé ìwòsàn kan sí Sidcup ní Kent ní 1917, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju títún ojú ṣe lọ. Kí wọ́n tó parí, ó lé ní 5,000 ọkùnrin tí ó gba ibẹ̀ kọjá, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún wọn sì lé ní 11,000. Wọn kì í gbé dígí sí yàrá àwọn aláìsàn níbẹ̀. Henry Tonks, tí ó jẹ́ dókítà tí ó tún jẹ́ ayàwòrán, ya ojú àwọn ọkùnrin náà kí wọ́n tó tún un ṣe àti lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àwòrán náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ní London títí di òní.

Ìṣòro Gillies ni yìí. Bí ènìyàn bá gé awọ kúrò níbì kan pátápátá láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn, a jẹ́ pé ó ti já awọ náà kúrò lẹ́nu ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọ. Bí awọ náà bá nípọn, kíkú ni yóò kú. Nítorí náà wọ́n máa ń gé e bí ọ̀já, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ lára kí ẹ̀jẹ̀ lè máa gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n á sì yí orí rẹ̀ lọ sí ojú egbò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀já awọ náà kò ní awọ. Ẹran pupa lásán ni, ó tutù, ó sì ṣí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kòkòrò kò ní oko tí ó dára ju ìyẹn lọ. Ọ̀já náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọyún, á sì kú kí ojú tó gbà á.

Atukọ̀ ogun kan wà tí ń jẹ́ Willie Vicarage. Inú ọkọ̀ ogun Malaya ni ó wà ní ìjà ojú òkun Jutland, ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1916, nígbà tí ẹ̀tù gbiná. Iná náà jó ojú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìpéǹpéjú rẹ̀ kò fi lè pàdé, tí ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́ síta. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1917, Gillies gé awọ àyà rẹ̀ láti gbé e sí ojú, ó sì gé ọ̀já méjì láti èjìká wá láti máa gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́, ó ṣàkíyèsí pé etí àwọn ọ̀já náà ń ká wọnú fúnra wọn, bí etí ẹní tí ó ti gbó. Ó wá rò ó pé, bí mo bá rán etí méjèèjì pọ̀ ńkọ́? Ó mú abẹ́rẹ́, ó sì ká ọ̀já náà bí ẹni ká ẹní. Ẹran pupa ti wà nínú, awọ ti wà níta yí ká, kò sì sí ojú egbò kankan tí kòkòrò lè bà lé. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn gba àárín kọjá bí omi nínú ọ̀pá ẹ̀rọ.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nínú ìtàn yìí ni pé ọgbọ́n náà kò ní oògùn nínú rárá. Kò sí kábọ́líìkì tuntun, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó kàn ti ìlẹ̀kùn ni. Kì í sì í ṣe Gillies nìkan ni ó ronú kàn án: Vladimir Filatov, dókítà ojú ní ìlú Odessa, ti ṣe irú rẹ̀ ní 1916, Hugo Ganzer náà sì ṣe é ní Jámánì ní 1917. Ogun kò jẹ́ kí ẹnìkan gbọ́ ti ẹnìkejì. Kì í ṣe ẹ̀yìn kan náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè wọn wà nínú ogun, ṣùgbọ́n ọ̀tá kan náà ni àwọn dókítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bá jà.

Ọ̀pá awọ yìí sọ Gillies di onígboyà, ìgboyà náà sì fẹ́ pọ̀ jù. Henry Ralph Lumley jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ òfuurufú fún ogun. Ọkọ̀ rẹ̀ já lulẹ̀ ní 1916, iná sì jó gbogbo ojú rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún kan tí ó ti ń jẹ̀rora kí ó tó dé Sidcup. Ara rẹ̀ ti gbẹ, ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, oògùn apàrora sì ti di bárakú fún un. Gillies pinnu láti fún un ní ojú tuntun lódindi. Ní oṣù kejì ọdún 1918, ó bó awọ àyà rẹ̀ tí ó tóbi tó ojú ènìyàn, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ojú náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àyà di ojú egbò ńlá, ojú di òmíràn. Kí ọjọ́ mélòó tó kọjá, awọ tuntun náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ó ń kẹ̀. Ara tí ó ti rẹ̀ kò ní agbára tí yóò fi bá kòkòrò jà ní ibi méjì. Lumley kú ní oṣù kẹta ọdún náà.

Gillies kò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1920, pé ìfẹ́ òun láti rí iṣẹ́ tí kò lábàwọ́n ni ó borí òye òun nípa bí ara aláìsàn ti rí. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí èyí ju nítorí ọ̀pá awọ lọ. Láti ìgbà náà, ó sọ ọ́ di òfin fún àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe kánjú. Imú loni, ètè lẹ́yìn oṣù méjì, ìpéǹpéjú lẹ́yìn òmíràn. Kí wọ́n jẹ́ kí ojú kan jinná kí wọ́n tó la òmíràn. Ọ̀pá awọ á kúrò ní ikùn, á lọ sí ọrùn ọwọ́, láti ọrùn ọwọ́ á lọ sí ojú, bí àlejò tí ń sùn ní abúlé kan kí ó tó dé èkejì. Àwọn kan lo ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin ní Sidcup. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ìfàsẹ́yìn ni. Ẹni tí ó mọ̀ rí i pé wọ́n ń fún ẹ̀jẹ̀ láyè ni kí ó débi tí ó ń lọ.

Ogun kejì ni ó mú oògùn wá. Archibald McIndoe, ìbátan Gillies tí òun náà jẹ́ ọmọ New Zealand, ń tọ́jú àwọn awakọ̀ òfuurufú tí iná jó ní East Grinstead. Oògùn kan wà nígbà náà tí wọ́n máa ń fi kun ara tí ó jóná títí yóò fi gan bí awọ ìlù. Lábẹ́ èèpo líle yẹn ni ọyún ti ń gbá jọ. McIndoe àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí pé àwọn tí ọkọ̀ wọn já sínú òkun, egbò wọn ń mọ́ ju ti àwọn tí ó já sórí ilẹ̀ lọ. Wọ́n da oògùn líle náà nù, wọ́n sì ń wẹ àwọn aláìsàn nínú omi iyọ̀ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Pẹnisílíìnì fúnra rẹ̀, Alexander Fleming ni ó kọ́kọ́ rí i ní London ní 1928, ṣùgbọ́n àwọn ará Oxford, Howard Florey, Ernst Chain àti Norman Heatley, ni ó sọ ọ́ di oògùn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1941, wọ́n fún ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ Albert Alexander ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ìdìpọ̀ àjàrà Ogston ti wà ní ojú àti orí rẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti lọ. Láàárín ọjọ́ kan ìbà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Oògùn náà ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ rẹ̀ láti tún yọ pẹnisílíìnì inú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ karùn-ún, ó tán pátápátá. Àrùn náà padà, ọlọ́pàá náà sì kú ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Kí ogun tó parí ní 1945, oògùn náà ti tó fún àwọn ọmọ-ogun.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù abẹ ti dín kù. Gillies, ẹni tí ọba fi oyè Sir dá lọ́lá ní 1930, ti ń tún imú ṣe láàárín ogun méjèèjì fún àwọn tí nǹkan kan kò ṣe imú wọn ju pé kò wù wọ́n lọ. Àwọn dókítà kan fojú burúkú wò ó. Èmi kò rí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ẹni tí ó bàbá rẹ̀ kọ àbàjà mẹ́fà kò lè fi ẹni tí ó gún imú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dúró sí ojú. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ọyàn, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ikùn. Ní nǹkan bí 1977, Yves-Gérard Illouz ní ilẹ̀ Faransé ń fi ọ̀pá fa ọ̀rá jáde lábẹ́ awọ. Àwọn mìíràn ń gé awọ ikùn tí ó ti dẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ kúrò. Níbí ni kí ẹ ti rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ọ̀rá kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ojú. Bí wọ́n bá gbé awọ ikùn sókè, àyè ńlá ni ó ń ṣí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, omi ara sì máa ń gbá jọ síbẹ̀. Kòkòrò tí ó bá wọ ibẹ̀ ti rí ibùgbé tí ẹ̀ṣọ́ kì í tètè dé.

Ní 2003 àti 2004, àwọn dókítà ní àwọn ìpínlẹ̀ ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn obìnrin kan tí àìsàn wọn ṣòro láti mọ̀. Wọ́n lé ní mẹ́wàá. Gbogbo wọn ni ó ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ẹwà ní Santo Domingo, olú-ìlú Dominican Republic, níbi tí owó rẹ̀ kò ti pọ̀ tó ti Amẹ́ríkà. Ọjọ́ kẹta kọjá ní àlàáfíà. Ọjọ́ keje kọjá. Wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sílé, àpá wọn sì ń jinná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kókó pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá náà, ó ń ro wọ́n, ó sì ń ṣẹ omi. Oògùn tí wọ́n máa ń fún aláìsàn nítorí ọyún kò ran kókó náà. Wọ́n wá a sábẹ́ awò, kò sí ìdì àjàrà níbẹ̀.

Mycobacterium abscessus ni kòkòrò náà ń jẹ́. Ìdílé kan náà ni òun, kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti kòkòrò ẹ̀tẹ̀ ti wá. Ọdún 1953 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìbátan rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí ni èyí tí Friedrich Friedmann rí ní 1903 nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ìjàpá òkun ní Berlin, tí wọ́n sì fi orúkọ ìjàpá pè ní èdè Gíríìkì. Friedmann yìí fi kòkòrò ìjàpá náà ṣe oògùn, ó gbé e dé New York ní 1913, ó ní yóò wo ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kò wò ó. Àwa tí a gbọ́n nínú àlọ́ ìbá ti sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣọ́ra fún ohunkóhun tí Ìjàpá bá ní lọ́wọ́.

Abscessus kì í gbé imú ènìyàn bí staphylococcus. Inú omi àti inú ilẹ̀ ni ilé rẹ̀, a sì máa bá a nínú omi ẹ̀rọ tí ojú rí bí ohun tí ó mọ́ gaara. Èèpo rẹ̀ nípọn, ó ní ọ̀rá lára, nítorí náà ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò kì í tètè ràn án. Bí wọ́n bá fi omi ẹ̀rọ ṣan irinṣẹ́ abẹ tí wọn kò sì fi ooru pa ohun tí ó wà lára rẹ̀, ó lè bá irinṣẹ́ wọ inú ara. Ó ń lo wákàtí mélòó kan kí ó tó di méjì, níbi tí staphylococcus ń lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìdí nìyẹn tí kò fi yọjú lọ́jọ́ kẹta. Ó ti jókòó, ó ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀rá tí ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀, títí obìnrin náà fi rékọjá òkun dé ọ̀dọ̀ dókítà tí kò mọ ẹni tí ó mú abẹ.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní 2013 àti 2014, nǹkan bí 20 ènìyàn ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà ní Amẹ́ríkà, láti orílẹ̀-èdè kan náà. Ìtọ́jú rẹ̀ kò rọrùn. Wọ́n ní láti tún ojú abẹ náà là kí wọ́n sì gé ẹran tí ó ti bàjẹ́ kúrò, nígbà mìíràn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí aláìsàn sì máa lo oògùn oríṣi méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ fún oṣù púpọ̀. Àpá tí ó ṣẹ́kù lára ẹlòmíràn burú ju ohun tí ó tìtorí rẹ̀ lọ. Àwọn dókítà tí ó ti rí i rí kì í tún dúró kí yàrá àyẹ̀wò tó sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fura. Bí obìnrin bá wọlé pẹ̀lú kókó pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá abẹ, wọ́n á bi í ní ìlú tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà fún un, wọ́n á bi í ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀.